Ewì Tí Kò Yẹ Kí Wọ́n Kà

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má kà á o!" Akéwìbìnrin náà ti já wọ ilé iṣẹ́ rédíò kó tó rí i pé ẹsẹ̀ bàtà kan ṣoṣo ló wọ̀.

Àṣìṣe tirẹ̀ ni. Ewì tó kọ nípa ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó kú ló ṣèèṣì bọ́ sáàárín àwọn ewì tó fi ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ rédíò náà, orúkọ ọmọ náà sì wà níbẹ̀ gbangba. Láti ọdún mẹ́ta, kò sẹ́ni tó jẹ́ pe orúkọ yẹn nínú ẹbí, kí wọ́n má baà fọwọ́ kan egbò ìyá rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀gbọ́n yìí kì í fi ètò ewì àárọ̀ ṣeré.

Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tó ń darí ètò náà jáde sí i. "Ẹ kú ọpọlọ, mà! Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kà á tán lórí afẹ́fẹ́ ni."

Akéwì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Mo gbé! Ẹ̀gbọ́n mi ò ní dárí jì mí láéláé."

Fóònù rẹ̀ dún. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni. Ó fẹ́ẹ̀ má gbé e, àmọ́ ta ló lè sá fún ọmọ ìyá rẹ̀ títí ayé? Ẹkún ló kọ́kọ́ gbọ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dákun, ẹ foríjì mí..."

"Dákẹ́ ná." Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fa imú. "Gbogbo yín ń ṣe bíi pé mi ò bí ọmọ yẹn rí. Èmi nìkan ni mò ń pe orúkọ rẹ̀, inú bàlùwẹ̀ ni mo sì ti ń pè é. Àbúrò mi, bá mi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tún un kà."