Mẹkáníìkì Tó Pa Adìẹ Méje Tó Fẹ́ Yé Ẹyin

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kà á dé àárín kí ẹ tó sáré fi ránṣẹ́. Ẹ ka ìtàn yìí títí dé ìsàlẹ̀, torí ìsàlẹ̀ ni ibi tó dùn mí jù wà, inú sì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

1.
Mẹkáníìkì kan wà tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Mo-Ti-Mọ̀. Ẹ̀bùn Ọlọ́run wà lọ́wọ́ rẹ̀, a ò ní purọ́ mọ́ ọn. Tí wọ́n bá wa ọkọ̀ dé ẹnu géètì, etí lásán ni yóò fi sọ ohun tó ń ṣe ẹ́ńjìnnì. Ṣùgbọ́n ẹ̀bùn tí a kò bá fi ìrẹ̀lẹ̀ dì mú, ìdẹkùn ni.

Aránṣọ ni ìyàwó rẹ̀. Ojú obìnrin yìí ti ń ṣe bàìbàì. Ó lè fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá wá ojú abẹ́rẹ́ kó má rí i. Ìdí nìyẹn tó fi ra òròmọdìẹ méje, pé bí ojú bá kọ iṣẹ́, òun á máa ta ẹyin. Inú páálí lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ló ti tọ́ wọn, ó tan gílóòbù sí wọn lórí kí òtútù má pa wọ́n. Ọ̀kan ò kú. Oṣù mẹ́rin gbáko ló fi ń gbàdúrà lé wọn lórí bí ẹni ń gbàdúrà lé ọmọ.

2.
Nígbà tó wọ oṣù karùn-ún, àwọn adìẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bákan. Ogbe orí wọn pọ́n bí ata. Wọ́n ń ké láti àárọ̀, wọ́n ń wọ igun kiri. Tí èèyàn bá sún mọ́ wọn, wọn kì í sá mọ́. Wọ́n á ba mọ́lẹ̀, wọ́n á tẹ́ ìyẹ́ sílẹ̀, wọ́n á máa gbọ̀n.

"Àìsàn ni," Mo-Ti-Mọ̀ wí.

"Bàbá wọn, ẹ jẹ́ ká bi Ìyá Àgbà ẹ̀yìn ọgbà. Wọ́n ti ń sin adìẹ kí wọ́n tó bí wa."

"Ìyá tí èmi ń bá tún jẹnẹrétọ̀ ṣe? Àwọn ni kí n lọ bi? Ìwọ náà tẹ́tí sí wọn. Ẹ́ńjìnnì tó bá ń dún báyẹn, ó ti fẹ́ nọ́ọ̀kì nìyẹn. Tọ́kan bá kó o ran ìyókù, gbogbo wọn á kú sí wa lọ́wọ́."

"Adìẹ kì í ṣe mọ́tò, ẹ jọ̀ọ́."

"Ìyàwó, mo ti mọ̀."

Ẹ̀yin ará, ẹsẹ̀ mélòó ló wà láàárín ilé wọn àti ilé Ìyá Àgbà? Kò pé ogún. Ogún ẹsẹ̀ péré!

3.
Lọ́jọ́ kejì, ìyàwó lọ sí ọsibítù ojú. "Omi nìkan ni kẹ́ ẹ bá mi fún wọn o," ló sọ kó tó jáde.

Ọkọ gbé omi kaná, kì í ṣe fún mímu. Ó pa àkọ́kọ́, ó tú u, ó là á. Ẹyin kan wà nínú rẹ̀, èèpo rẹ̀ ti le, ó ku kó jáde. Lẹ́yìn rẹ̀ ni pupa ẹyin kéékèèké tò tẹ̀ lé ara wọn, látorí ńlá dórí bíńtín, bí ìlẹ̀kẹ̀.

Orí Ìyá Àgbà yọ lókè ọgbà. "Ọmọ mi, àlejò ń bọ̀ ni?"

"Rárá, Ìyá. Ara wọn ò yá. Wọ́n kàn ń ba mọ́lẹ̀ ṣáá."

Ìyá Àgbà gbá orí mú. "Yéè! Ó fẹ́ yé ni! Adìẹ tó bá ń ba mọ́lẹ̀ báyẹn, bóyá lọ́la, bóyá lónìí gan-an. Sọ ọ̀bẹ yẹn sílẹ̀!"

Ẹyin ṣì gbóná lọ́wọ́ ọkùnrin yìí. Adìẹ mẹ́fà ṣì wà láàyè. Olúwa rán àánú sí i lórí ọgbà, pẹ̀lú ohùn tó já gaara. Àmọ́ ojú tì í, ìgbéraga sì sọ ìtìjú di ìbínú.

"Ẹyin ló há sí i nínú, Ìyá. Àìsàn ọ̀hún gan-an nìyẹn."

Ó mú ìkejì. Torí kí arúgbó kan má baà rí i pé ó ṣìnà, ó pa ìkejì, ó pa ìkẹta, ó pa wọ́n tán. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: láti orí ìkejì lọ, ó mọ ohun tó ń ṣe.

4.
Ìrọ̀lẹ́ ni ìyàwó dé. "Bàbá wọn, adìẹ mi dà?"

Obìnrin náà tẹ̀ lé òórùn ìyẹ́ dé ìdí bàsíà, ó fọwọ́ wá inú rẹ̀, ó kan ẹran. Ó fọwọ́ wá inú abọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó kan ẹyin. Ó tún kan òmíràn. Mẹ́ta ló ti ní èèpo.

"Ṣé wọ́n ti fẹ́ máa yé ni?"

Ọkọ mú ọ̀bẹ nílẹ̀, ó fi pamọ́ sẹ́yìn.

"Dókítà ní n ò gbọdọ̀ ránṣọ mọ́. Mo ní kò burú, mo ní adìẹ nílé." Ó rọra gbé ẹyin náà sílẹ̀. "Ó yá, ẹ wí. Kí ni kí n máa ṣe láti ọ̀la lọ?"

Ọkọ ń wo ilẹ̀, ìyẹ́ lẹ̀ mọ́ ọn lápá.

Obìnrin náà kò ṣépè, kò sì fẹnu kan ẹran náà. Lónìí, ṣọ́ọ̀bù ọmọ tó kọ́ níṣẹ́ ló máa ń lọ láràárọ̀, ó ń bá a ká aṣọ. Ọmọ ọ̀hún ń pè é ní Màámi, ṣùgbọ́n ọmọ ọ̀hún ló ń sọ ibi tí yóò jókòó sí fún un.

Ìwọ tó ń kà á, má ṣe rẹ́rìn-ín mẹkáníìkì. Ta ni aya rẹ ní kó o bi, tó o kọ̀? Ta ló pè ọ́ lórí ọgbà, tó o fi ìbínú dá lóhùn? Bó o bá ti ṣìnà, dúró níbi tó o ti ṣì í. Má fi mẹ́fà kún ọ̀kan nítorí ìtìjú. Béèrè lọ́wọ́ Ọlọ́run, béèrè lọ́wọ́ èèyàn, kí ọ̀bẹ tó kan ọrùn ohun tí ẹlòmíràn fi àdúrà tọ́. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè.