Ọ̀rọ̀ tí Màmá Eufrasia Sọ fún Ọmọ Rẹ̀, tí Kámẹ́rà Kò Gbọ́

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka ìdajì ìtàn yìí kí ẹ tó fi ránṣẹ́ o. Ẹ kà á tán, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń gbé kámẹ́rà kiri.

1.
Láyé ọjọ́un, nígbà tí fóònù ò tíì wọ Guapi, ìlú wa létí òkun, ilé tẹlifíṣàn kékeré kan ló ń bá wa kí àwọn ará wa tó wà ní Cali, ìlú ńlá. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ fún ọmọ rẹ̀ á jókòó síwájú kámẹ́rà, ọkọ̀ ojú omi á sì gbé kásẹ́ẹ̀tì lọ. Lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n á fi han àwa náà lórí tẹlifíṣàn, àdúgbò á kó àga síta láti wò ó, a ó máa jẹ ẹja tí wọ́n fi àgbọn sè, a ó máa fira wa ṣe yẹ̀yẹ́. Àárò rẹ̀ ṣì ń sọ mí.

Arnubio ló ń ya fídíò. Ó mọṣẹ́, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n látìgbà tó ti kọ́ṣẹ́ díẹ̀ dé láti Cali, kámẹ́rà rẹ̀ ò lè dúró sójú kan mọ́. Bí ẹ bá ń sọ̀rọ̀, á sún mọ́ imú yín, á gba orí òrùlé, á tẹ̀lé ẹyẹ lọ.

"Gbé e lé ẹsẹ̀ mẹ́ta rẹ̀," Don Teófilo ọ̀gá rẹ̀ á ní. "Ibi tó bá kọjú sí ló ń gbọ́."

"Ọ̀gá, ayé ti lajú. Fídíò tí ò rìn, fọ́tò ni."

2.
Màmá Eufrasia ń ṣa ìṣáwùrú nínú ẹrẹ̀ etí òkun. Deyanira, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, bá ọkùnrin kan tí ìyá ò fẹ́ lọ sí Cali, ìyá sì ní kó má tẹ ilé òun mọ́. Gbogbo wa mọ̀ pé ọmọ náà ń retí kí ìyá rẹ̀ ní kó máa bọ̀.

Lọ́jọ́ kan, Màmá pe Arnubio sétí odò. "Mo ní ọ̀rọ̀ fún Deyanira. Ẹnu mi ni mo fẹ́ kó ti gbọ́ ọ."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Màmá. Màá yà yín bí ọmọge."

"Ta ló bẹ̀ ọ́ ní ọmọge? Ọ̀rọ̀ mi ni kó o yà."

Ó sọ ti òrùlé tó ń jò, ó sọ ti àwọn aládùúgbò. Lẹ́yìn náà ló yí tábà tó ń fà, ó ki ibi tó ń jó sẹ́nu, bí àwọn ìyá wa ṣe ń ṣe kí òjò má baà paná rẹ̀. Bí ìyá àgbà bá ti fi iná sẹ́nu tó sì dákẹ́, ẹ má mira. Ọ̀rọ̀ gangan ló ń bọ̀ yẹn. Arnubio mọ èyí láti kékeré. Àmọ́ ọkọ̀ pupa kan ń kọjá lójú odò, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń bú, ó sì wọ̀ ọ́ lójú. Ó gbé kámẹ́rà tẹ̀lé e. Màmá yọ tábà, ó sọ̀rọ̀.

Ìgbà tí Arnubio fi máa yíjú padà, ìyá ń fi gèlè nu ojú.

"Ẹ ti parí, Màmá?"

"Mo ti parí."

3.
Ní ilé tẹlifíṣàn, lẹ́yìn ọ̀rọ̀ òrùlé àti ti aládùúgbò, ariwo ẹ́ńjìnnì nìkan ni wọ́n gbọ́.

"Kí ni ìyá sọ?" Don Teófilo bi í.

"Mi ò gbọ́, ọ̀gá. Ọkọ̀ ni mò ń wò."

"Padà lọ báyìí."

Ojú tì í láti ní kí àgbàlagbà tún ẹkún rẹ̀ sun. Ó ní òun máa lọ ní Sátidé. Kí Sátidé tó dé, ibà ti gbé Màmá lọ.

4.
Deyanira dé fún ìsìnkú. Wọ́n fi kásẹ́ẹ̀tì náà hàn án. Ó gbé etí lé tẹlifíṣàn.

"Ẹ dá a padà."

Wọ́n dá a padà, títí ó fi kọjú sí Arnubio. "Bùrọ̀dá, ṣé ó ní kí n máa bọ̀ ni, àbí ó ní kí n má wá?"

"Ó sunkún, ọmọ mi," ni Don Teófilo wí. "Ó dájú pé ó ti dárí jì ọ́."

"Ẹ̀yin lẹ rò bẹ́ẹ̀, sà."

Ilé wa ló sùn sí. Kò wọ ilé ìyá rẹ̀ títí ó fi wọkọ̀ padà, ó ní ẹni tó lé òun jáde ò tíì pe òun wọlé.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi fóònù ya òbí yín lónìí, mo bẹ̀ yín, ẹ gbé e dúró sójú ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Bó bá dákẹ́, ẹ dúró tì í, ọ̀rọ̀ lè kù. Ọkọ̀ á tún kọjá lọ́la, ṣùgbọ́n ìyá yín lè má sí níbẹ̀ láti tún un sọ.