Ohun Keje Láti Erékùṣù

Ọjọ́ Ẹtì ni ìyá Oyèbísí kọ́kọ́ fojú kan ibi iṣẹ́ ọmọ rẹ̀ ní Scarborough lókè òkun. Ó wo àfọ́kù ìkòkò àti egungun ẹyẹ tó wà nínú àwo pẹrẹsẹ lórí tábìlì, ó sì mí kanlẹ̀.

"Bísí, ṣé torí pàǹtí yìí la ṣe rán ẹ nílé ìwé?"

"Màmá, ẹ rọra. Pàǹtí tó ti lo four thousand years ni."

Ohun mẹ́sàn-án ni wọ́n kó ránṣẹ́ láti inú ihò àpáta kan ní erékùṣù kan. Iṣẹ́ Oyèbísí ni kó wo ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó sì kọ ohun tó fi hàn nípa àwọn tó gbé ibẹ̀ rí: ohun tí wọ́n ń bọ, ohun tí wọ́n ń jẹ, àti àwọn tí wọ́n ń bá ṣe pàṣípààrọ̀ ọjà. Ó ti ṣe mẹ́fà. Ohun keje ni ọ̀gá rẹ̀ kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ṣeré. Inú ìkòkò tí wọ́n dí lẹ́nu ni wọ́n ti bá a, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkú, kò sì sí irú rẹ̀ ní gbogbo erékùṣù náà. Ọkọ̀ ojú omi ló gbé e débẹ̀. Oyèbísí kò tíì fojú rí i, nítorí Lékè, ọmọkùnrin kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ti gbé e lọ sí yàrá kejì láti wọ̀n ọ́n.

Lọ́jọ́ Ajé, àwọn tó ń gbọ́ bùkátà iṣẹ́ náà yóò wá wò ó. Bí inú wọn bá dùn, ọ̀gá yóò tún contract Oyèbísí ṣe. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, oṣù yìí ló máa parí.

Ìyá rẹ̀ ń wá káàdì bọ́ọ̀sì, ló bá tú àpò rẹ̀ dà sórí tábìlì: Bíbélì, róòbù, ata gbígbẹ, àti káún Bódìjà tó fẹ́ gbé lọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan nílùú Ajax. Ó rí káàdì náà, ó kó ẹrù rẹ̀, Oyèbísí sì sìn ín dé ibùdó bọ́ọ̀sì.

Nígbà tó padà, ó bá òkúta eléérú kan lórí tíṣù lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo. Kò tó àtàǹpàkò. Ara rẹ̀ rí gbágungbàgun. Ó fi ahọ́n kàn án: káún ni, kò sí àníàní. Bí ọ̀gá bá bá káún Bódìjà láàárín ẹrù erékùṣù, á kọ odidi ìwé lé e lórí. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, Oyèbísí sọ fún ara rẹ̀, ó sì jù ú sínú àpò kóòtù.

Ní Àbámẹ́ta, ó gbé e lé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ nídìí ẹ̀wà. Ìyá fọ́ ọ, ó da gbogbo ẹ̀ sínú ìkòkò. Kò pẹ́ tí ẹ̀wà fi rọ̀.

"Káún yìí mà dáa. Níbo lo ti rà á?"

"Màmá, tiyín mà ni."

"Tèmi kẹ̀?"

Oyèbísí rẹ́rìn-ín. Ogbó ti ń dé sí ìyá rẹ̀, kò sì fẹ́ bá a jiyàn. Ó bu àwo kejì.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ohùn ọ̀gá àti àwọn àlejò ti ń bọ̀ lọ́nà. Oyèbísí to ẹrù sílẹ̀, ó rí i pé ọ̀rá tí wọ́n ń kó ohun keje sí ṣì ṣófo, ó sì yọjú sí yàrá kejì.

"Lékè, wọ́n ti dé o. Jọ̀ọ́, gbé number seven wá fún mi kíá."

"Auntie Bísí, mo ti dá a padà láti Friday, nígbà tẹ́ ẹ sin Màmá lọ sí bus stop, orí tíṣù ni mo gbé e lé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo yín."