Ọkọ̀ Adélàjà Gbọ́dọ̀ Dán

Adélàjà wà lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ rẹ̀ nígbà tí Rọ̀kíbátù, ìyá ìyàwó rẹ̀, wọ àgbàlá wọn ní Lásùnwọ̀n, ní Ìkòròdú, láàárọ̀ Sátidé. Orí ìkúnlẹ̀ náà ló ti kí i, ṣùgbọ́n ìyá mọ̀ pé ọkọ̀ ló kúnlẹ̀ fún.

Ọsibítù ló ti ń bọ̀. Nírọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, ọkọ̀ kan gbá Fàwáz, àbíkẹ́yìn rẹ̀, lórí ọ̀kadà ní ọ̀nà Ìmọ̀tà, awakọ̀ náà sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Láti ìgbà tí Rọ̀kíbátù ti gbọ́ ni ó ti fi igbá ẹja sílẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́, tó ń sùn lórí bẹ́ǹṣì nídìí bẹ́ẹ̀dì ọmọ tí kò lajú. Omi ló kàn wá dà sára.

"Ọmọ mi ń kú lọ," ó wí, "àna mi ń fọ ọkọ̀."

"Nǹkan ló ha á, Màámi."

"Kí ló ha á?"

"Géètì ni."

Rọ̀kíbátù kò fìgbà kan fẹ́ràn ọkùnrin náà. Ará Ìkìrun tó wá háyà ilé sí Ìkòròdú, tí a kì í rí ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí a kì í rí ní mọ́ṣáláṣí. Ó ra ọkọ̀, síbẹ̀ bọ́ọ̀sì iléeṣẹ́ ló ń gbé e lọ, tó ń gbé e bọ̀, bí ẹni tó ra bàtà tó sì ń fẹsẹ̀ lásán rìn.

Ìyá dúró tì í. Adélàjà rẹ pépà oníyanrìn kan sínú omi, ó fi rọra ha ojú ibi tí ọkọ̀ ti ha, ó fomi ṣàn án, ó nù ún gbẹ. Ó wá fi àkísà mú rọ́bíìnì díẹ̀, ọ̀rá funfun tí àwọn apọ̀dà ọkọ̀ ń lò, ó sì ń yí i po lójú kan náà. Ara ọkọ̀ tó ti ṣú bí ojú ẹja tó pẹ́ nílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tàn.

Hasanat, ìyàwó rẹ̀, gbé omi mìíràn jáde. Ojú rẹ̀ wú.

"Ṣé kò tíì lọ ni?"

"Ó ń lọ."

"Láti àárọ̀! Ọwọ́ rẹ ò yá rí."

Ó gbé omi náà kalẹ̀ gbàgà, ó ta sí ọkọ rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Inú ìyá dùn sí ìyẹn díẹ̀. Àánú ọmọbìnrin náà ń ṣe é. Kò tíì dé ọsibítù. Ó ní òun kò lè wo ojú Fàwáz báyẹn, ìyá kò sì fipá mú un.

Ìgbà náà ni Adélàjà yí àkísà padà, Rọ̀kíbátù sì rí i pé ó ti pọ́n. Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀. Ọ̀dà ni, pupa bí ata rodo. Aláwọ̀ eérú ni ọkọ̀ Adélàjà. Dúdú ni géètì ilé wọn. Ọ̀kadà Fàwáz ló pupa.

Kò pariwo. Nígbà tí àna rẹ̀ gbé àkísà kalẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ sídìí omi, ó mú àkísà náà, ó fi há ìdí ìró, ó sì gba tésàn lọ.

Ọlọ́pàá méjì bá a padà.

"Ta ló wa ọkọ̀ yìí l'Ọ́jọ́bọ̀?"

Adélàjà wo ìyàwó rẹ̀. Hasanat ń wo ilẹ̀.

"Èmi ni," ó wí.

Rọ̀kíbátù gbá a létí. "Apànìyàn! Ọmọ tó ń pè ọ́ ní bùrọ̀dá! O fi í sílẹ̀ sójú títì bí ajá!"

Adélàjà kò gbé ọwọ́ sókè. Wọ́n ní kó wa ọkọ̀ náà lọ sí tésàn fúnra rẹ̀, kí ọlọ́pàá kan jókòó tì í. Ó wọnú ọkọ̀, orúnkún rẹ̀ gbá sítíárì; ó ń táràrà wá ohun tí yóò fi ti ìjókòó sẹ́yìn. Rọ̀kíbátù ṣépè fún orúnkún náà.

Bí wọ́n ti jáde ni Hasanat ṣubú lé ìyá rẹ̀ láyà, ó ń sunkún. "Ẹ má bínú sí mi, Màámi."

"Kí ló kàn ọ́ nínú ìwà ọkọ rẹ? Lọ sùn."

Rọ̀kíbátù padà sí ọsibítù láìwẹ̀. Ó tẹ̀ ba sí etí Fàwáz, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò retí ìdáhùn.

"Wọ́n ti mú un, ọmọ mi. Adélàjà ni."

Ìpéǹpéjú ọmọ náà gbọ̀n. Ó lajú. Ìyá ké "Alhamdulillah," ó yára fi omi ra á ní ètè. Fàwáz mi orí pẹ̀lú ìnira, bẹ́ẹ̀ kọ́, bẹ́ẹ̀ kọ́, ìyá sì gbé etí sún mọ́ ẹnu rẹ̀.

"Àǹtí Hasanat ni, Màámi: wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n tẹ̀ ba, wọ́n wò mí lójú, wọ́n pe orúkọ mi, wọ́n sì padà wọnú ọkọ̀."