Ẹyin ń Jóná, Áàpù ń Pe Ẹlòmíràn

Ẹ̀yin ará mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka ìtàn yìí títí dé ìsàlẹ̀ kí ẹ tó fi ṣọwọ́ sí ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá dúró ní ìdajì yóò rò pé ẹ̀rọ ni mo ń bínú sí.

1.

Ìyá Òròmọdìẹ ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Nínú yàrá ẹ̀yìn ilé rẹ̀ ni ẹ̀rọ ńlá kan wà tó ń sàba bí adìẹ. Àwọn aládùúgbò á kó ẹyin wọn wá, á tò wọ́n sínú ẹ̀rọ, bí ọjọ́ bá sì pé, oníkálukú á wá kó òròmọdìẹ tirẹ̀ lọ sílé. Ooru ẹ̀rọ yìí kò gbọdọ̀ lọ sókè jù, kò gbọdọ̀ wálẹ̀ jù. Nítorí náà ni obìnrin yìí kì í fi í sùn síta. Wọ́n máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹyin ló fẹ́ ẹ níyàwó.

Ó ní àbúrò ọkùnrin kan, ọmọ ìyá rẹ̀ gan-an. Iṣẹ́ òròmọdìẹ yìí náà ló fi rán an níwèé. Kíákíá ni ìnagijẹ ọmọkùnrin náà, torí kò sí ohun tí kì í sáré ṣe. Áàpù orí fóònù tó ń bá èèyàn ṣọ́ ẹ̀rọ ló ń tà. Lọ́jọ́ kan ó gbé páálí kan wọlé.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ìyà ti tán! Bí ooru bá ti yí padà díẹ̀ báyìí, áàpù yìí á pe fóònù yín, ibi yòówù kí ẹ wà."

"Ṣé kò ní yọ mí lẹ́nu?"

"Kí ló máa yọ yín lẹ́nu? Ẹ yọ ọ́ nínú páálí, ẹ tan iná sí i, ó parí!"

Ó so àpótí kékeré kan mọ́ ẹ̀rọ, ó ti ẹnu wáyà rẹ̀ bọ omi gbígbóná. Lójú ẹsẹ̀, fóònù ọwọ́ Kíákíá dún. Ìyá Òròmọdìẹ pàtẹ́wọ́ bí ọmọdé.

"Fóònù tìẹ ló dún yẹn o. Tèmi ńkọ́?"

Kíákíá ti ń wọ bàtà. "Nọ́ńbà yín ti wà níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ fọkàn balẹ̀."

Irọ́ ni! Áàpù yẹn kì í ṣe ohun tí èèyàn ń yọ nínú páálí lò. Ẹni tó gbé e wá gbọ́dọ̀ jókòó tì í, kó pa nọ́ńbà tirẹ̀ rẹ́, kó fi ti onílé sí i, kó tún un dán wò. Kíákíá mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ oníbàárà mìíràn ń dúró dè é.

2.

Láìpẹ́, ọmọbìnrin Ìyá Òròmọdìẹ bímọ ní ìlú mìíràn. Ìyá di ẹrù rẹ̀. Àwọn tó ni ẹyin ń kọminú, ó sì dá wọn lóhùn pé, "Ẹ má fòyà. Ohun tí àbúrò mi gbé wá ń ṣọ́ ọ."

Níbi tó ti gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ lé itan, fóònù ò jìnnà sí i. Bó bá ń wẹ̀, á gbé e sórí àga lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀. Kò dún.

"Ṣé ẹ rí i bó ṣe dákẹ́? Gbogbo ẹ̀ ń lọ dáadáa nìyẹn." Ó tilẹ̀ gbàdúrà fún Kíákíá.

Nígbà tó padà délé, òórùn ló pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Fáànù inú ẹ̀rọ ti dúró, ooru sì ń pọ̀ lọ. Ó fọ́ ẹyin kan. Òròmọdìẹ inú rẹ̀ ti hu ìyẹ́, ó ti kú. Ó fọ́ òmíràn, bákan náà. Gbogbo rẹ̀ ló ti kú pátá. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sunkún bí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀.

Kíákíá sáré dé, ó káwọ́ lérí. "Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló fà á, ẹ̀gbọ́n mi. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì burúkú!"

Ìyá gbà á gbọ́. Àní òun ló tún ń tu Kíákíá nínú.

3.

Ọkùnrin kan tó ń sin tòlótòló wá kí i.

"Ẹ kú àmúmọ́ra, Ìyá. Ó yà mí lẹ́nu ni. Mo ti rò pé ẹnì kan á tètè débẹ̀ lọ́jọ́ yẹn."

"Ọjọ́ wo?"

"Ọjọ́ tí Kíákíá wá ta irú áàpù yìí fún mi, nígbà tí ẹ wà lọ́dọ̀ ọmọ yín. Ó ń ṣàlàyé lọ́wọ́ ni fóònù rẹ̀ dún. Ó gbé e sókè sí mi, ó ní, 'Ẹ wò ó, bàbá, ti ẹ̀gbọ́n mi ló ń pè yìí! Bó ṣe máa ń pè nìyí!' Ó dún títí. Ohun tó jẹ́ kí n rà á nìyẹn."

Bó ti sọ ọ́ tán lòun fúnra rẹ̀ fọwọ́ bo ẹnu.

Ìyá ránṣẹ́ pe àbúrò rẹ̀. Kó tó béèrè ohunkóhun, Kíákíá ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n mi. Mo ní kó rà á tán ná, kí n wá pè yín. Nígbà tó rà á tán, ojú ń tì mí."

"Mi ò bi ọ́ ní ìyẹn. Nígbà tó ń dún, ṣé o rántí mi?"

"Mo rántí yín."

Ká ní ó sọ pé òun gbàgbé ni, bóyá Ìyá ì bá fi orí jì í lọ́jọ́ náà.

Ẹnikẹ́ni ò gbé ẹyin wá fún obìnrin náà mọ́. Orúkọ tó fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ti bàjẹ́, aṣọ àtijọ́ ni wọ́n ń kó sí yàrá ẹ̀yìn báyìí. Ẹni tó ń sin tòlótòló gbé páálí Kíákíá padà fún un, àwọn yòókù tó rà á sì ṣe bẹ́ẹ̀. Bí Kíákíá bá kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, á dá a lóhùn. Àmọ́ kò pè é ní ọmọ ìyá òun mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ta ohun tí ẹ ò tíì ṣe tán, ẹ bẹ̀rù Ọlọ́run. Ìwọ tí o sì ń rà, má gba "ó ti wà níbẹ̀" lẹ́nu ẹnikẹ́ni, ì báà jẹ́ ọmọ tí o fi ẹ̀yìn rẹ pọ̀n. Jẹ́ kí fóònù tìrẹ dún lójú rẹ kí ẹni tó tà á fún ọ tó wọ bàtà. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà.