Fìlà Oníná Pupa

Oṣù kan lẹ́yìn tí wọ́n sin ọmọ wọn kan ṣoṣo ni irun ìyàwó káfíńtà bẹ̀rẹ̀ sí í re. Kò pẹ́ tí gbogbo orí fi pá. Ọkọ rẹ̀ kò sọ nǹkan kan. Láti ọjọ́ ìsìnkú ni kò ti pè é ní Ìyá Ọmọ Mi mọ́, kò sì wá orúkọ mìíràn fún un. Á jẹun tán, á gba ṣọ́ọ̀bù lọ. Ìdákẹ́ yìí dun obìnrin náà ju orí pípá lọ.

Lọ́jọ́ kan, ọkọ gbé fìlà kan wálé, ó le bí akoto, iná pupa wẹẹrẹ kún inú rẹ̀. Dókítà ti sọ fún un pé irú iná bẹ́ẹ̀ ń ran àwọn kan lọ́wọ́ kí irun wọn tún hù, kì í ṣe gbogbo ènìyàn. Kí wọ́n lò ó fún oṣù mẹ́fà, ogún ìṣẹ́jú, lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀.

Fìlà náà tóbi jù. Télọ̀ ni obìnrin náà, ó ní òun á rán rọ́bà sí i kó lè fún mọ́ orí, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ kò tíì dé e. Nítorí náà, ọkọ a dúró lẹ́yìn àga, a fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú. Ogún ìṣẹ́jú pọ̀ jù láti fi dákẹ́. Ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ pákó, lẹ́yìn náà ó sọ̀rọ̀ ọmọ wọn. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ó sunkún, ó gbé àgbọ̀n lé aya rẹ̀ léjìká.

Ní oṣù kẹrin, ó fọwọ́ pa á lórí. “Ìyá Ọmọ Mi, bí eṣinṣin bá bà síbí, á yọ̀ ṣubú.”

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. “Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.”

“Kí ló gé ọ lẹ́yìn etí?”

“Èékánná mi ni.”

Oṣù kẹfà pé. Ọkọ yẹ orí náà wò lójú fèrèsé, kò rí nǹkan kan. Ó dùn ún gan-an.

“Ó jọ pé kò ní ṣiṣẹ́ fún ọ. Ṣé ká dáwọ́ dúró?”

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká fi oṣù mẹ́fà kún un. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.”

Ó mí kanlẹ̀. “Ó dáa. Ó dọ̀túnla.”

Nígbà tó di ọ̀túnla, kí ọkọ tó jí, obìnrin náà ti ilẹ̀kùn balùwẹ̀ mọ́ra, ó fi ọṣẹ pa orí, ó sì mú abẹ, ó fá irun tó tún ti hù bo gbogbo rẹ̀, bó ṣe ń fá a láti oṣù kẹta.