Ìsinmi Ọjọ́ Méjì ní Little Wenlow

Hilary Stott ti to ìsinmi ọjọ́ méjì náà láìku síbì kan. Ní Sátidé, abúlé mẹ́ta. Ní Sọ́ńdè, ọ̀kan tàbí méjì sí i. Ní aago mẹ́wàá àárọ̀ Mọ́ńdè, ilé ìtọ́jú àwọn àgbà tó wà ní Ashcombe. Ti Mọ́ńdè yẹn nìkan ni kò tíì sọ fún bàbá rẹ̀.

Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ni Wilfred Pargeter. Láti ọdún mẹ́fà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú ló ti ń dá gbé ní Coventry. Leeds ni Hilary ń gbé ní tirẹ̀, ó sì máa ń pè é lórí fóònù láràárọ̀ kó tó lọ síbi iṣẹ́. Ṣùgbọ́n láti ìgbà òtútù, bàbá kì í gbé fóònù mọ́ ní Tọ́sìdeè. Aládùúgbò kan ní òun máa ń rí i tó ń jáde ní kùtùkùtù, ó di ìrọ̀lẹ́ kó tó padà, ó sì ti ń dá kọrin. Nígbà tí Hilary bi í níbi tó ń lọ, ó ní, "Mo kàn ń na ẹsẹ̀ ni." Bí ọpọlọ ìyá ọkọ Hilary ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í dojú rú gan-an nìyẹn. Ìdí nìyẹn tí Hilary fi bá ilé ìtọ́jú Ashcombe ṣe àdéhùn.

Ní Ashcombe, wọ́n rìn létí odò, wọ́n ju búrẹ́dì fún pẹ́pẹ́yẹ. Hilary rọra darí bàbá rẹ̀ dé iwájú ilé ńlá kan tí òdòdó bo ògiri rẹ̀.

"Ẹ wo ibí, Dádì. Ó mà dára o."

Bàbá wo àwọn tó jókòó sínú oòrùn, tí wọ́n fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bo orúnkún. "Ó dára. Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú. Ilé àwọn àgbà ni."

"Àwọn ọmọdé yìí ni àgbà?" Ó ti ń lọ. "Jẹ́ ká wá nǹkan jẹ, ebi ń pa mí."

Wọ́n jẹun ọ̀sán nílé ọtí. Ní abúlé kejì, Hilary ń ya fọ́tò ilé olórùlé koríko, bàbá ń wo aago ọwọ́ rẹ̀.

"Ṣé kò sí ibì kan tó ń jẹ́ Little Wenlow nítòsí ibí?"

"Ta ló sọ fún yín?"

"Mo kà á níbì kan."

Nígbà tí wọ́n dé oríta, bàbá ti nawọ́ sí apá òsì kí pátákó ọ̀nà tó yọ.

"Ojú yín ṣì mú o," Hilary wí.

"Ojú nìkan kọ́."

Ìyáàfin Tuckwell ló ni ilé tíì tó wà ní Little Wenlow, ó sì ní yàrá méjì lókè fún àlejò, níbi tí wọ́n máa sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ajá kan dùbúlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà. Ó kùn mọ́ Hilary, ó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ó sì lọ gbé àgbọ̀n lé bàtà bàbá. Ìyáàfin náà jáde, ó ká apá aṣọ sókè, ìyẹ̀fun wà lọ́wọ́ rẹ̀ títí dé ìgúnpá. Ó bi Hilary pé ṣúgà mélòó ló ń fẹ́. Kò bi bàbá. Ó kàn ju méjì sí tirẹ̀, bàbá sì rò ó pọ̀, ó mu ún.

"Kéèkì yìí le díẹ̀," bàbá wí.

"Eyín yín ló rọ̀."

Ojú ti Hilary. "Ẹ má bínú sí wọn, Mà. Ara àgbà ni."

"Mo rí i," Ìyáàfin Tuckwell wí. "Mo rí i dáadáa." Ó yára wọ ilé ìdáná, Hilary sì gbọ́ tí ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín níbẹ̀.

Kí oòrùn tó wọ̀, bàbá àti ọmọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́bàá adágún.

"Dádì, ọ̀rọ̀ kan wà."

"Èmi náà ní ọ̀rọ̀ kan."

"Ẹ kọ́kọ́ sọ tiyín."

Bàbá ju òkúta kékeré kan sínú omi. "Ó di ọ̀la."

"Tèmi náà á di ọ̀la," Hilary wí, ara tù ú.

Láàárọ̀ Sọ́ńdè, ó bá bàbá ní ìsàlẹ̀, ó ti fárùngbọ̀n, ó so táì mọ́rùn.

"Ṣọ́ọ̀ṣì ni ká lọ."

"Ṣọ́ọ̀ṣì kẹ̀? Láti ọjọ́ tí a ti sin Mọ́mì, ẹ kò tíì—"

"Mo mọ̀. Wọ bàtà rẹ."

Ṣọ́ọ̀ṣì kékeré náà kún. Àwọn èèyàn ń bojú wẹ̀yìn wo Hilary, wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ìyá àgbà kan tilẹ̀ fọwọ́ gbá a léjìká jẹ́jẹ́. Ó rò pé ará oko kúkú ń ṣe àlejò dáadáa. Bàbá di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ọwọ́ bàbá tutù, àánú sì ṣe Hilary débi pé omi lé ròrò sójú rẹ̀. Bí wọ́n bá ti ṣe oore-ọ̀fẹ́ tán, òun á sọ ti Ashcombe fún un.

"Má pariwo o, Hilary," bàbá sọ sí i létí.

"Kí ni mo fẹ́ pariwo sí?"

"Mo ń kéde ìgbéyàwó láàrin Wilfred Pargeter, opó ọkùnrin, ará Coventry, àti Beryl Tuckwell, opó, ti ìjọ wa níbí; ìgbà kẹta tí a ó kéde rẹ̀ nìyí," fíkà wí, ó sì gbé ojú kúrò nínú ìwé, ó wo Hilary tẹ̀ríntẹ̀rín, "bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá mọ ìdí kan tí kò fi yẹ kí a so àwọn méjèèjì pọ̀, kí ó sọ ọ́ nísinsìnyí."